Nọ́ńbà Tó Gbé Orin Ìyá Padà Wá

Ọkọ mi, ọmọ olókè tí kì í fẹsẹ̀ kọ lórí àpáta, ọmọ a-gbinṣu-sáàárín-òkúta-kó-ta, tíṣà a-fohùn-jẹ́jẹ́-pa-kíláàsì-lẹ́nu-mọ́, ló kú ní Ìkàrẹ́ lẹ́yìn Àjíǹde. Mo mọ orúkọ gbogbo ẹni tó wá bá mi dárò, títí kan ẹni tó wá jẹun tó lọ. Mi ò ní dárúkọ ẹnì kankan níbí, kí ìjà má baà dé.

Ó ku ká gbé e relé ní Ọ̀kà ká sin ín, àmọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó fẹ́ ọkọ sí Ìfira ní òun ò tíì fọwọ́ sí i.

“Ìyàwó,” ó ní (ìyàwó náà ló ṣì ń pè mí, èmi ìyá àgbà), “ohùn ìyá mi dà? Ọwọ́ ọkọ rẹ ló wà. Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ọ kí ẹ tó gbé òun náà wọlẹ̀.”

Òótọ́ ló sọ. Nígbà tí ìyá wọn wà láyé, ọkọ mi fi rẹ́kọ́dà gba orin tí ìyá máa ń kọ bó bá ń bó ẹ̀gúsí, ní èdè Epinmi, ìlú tí wọ́n ti bí ìyá. Kásẹ́ẹ̀tì tiwa ti bà jẹ́ tipẹ́, àmọ́ ó ti fún ilé ìkàwé yunifásítì kan ní orin náà, wọ́n sì gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Ọmọbìnrin mi àgbà tẹ àdírẹ́sì tó bá nínú fóònù bàbá rẹ̀. Fóònù ní òun ò rí nǹkan tó jọ bẹ́ẹ̀. Ilé ìkàwé ti kó ẹrù rẹ̀ lọ sí ojúlé mìíràn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

“Ẹ ti sọ ìyá mi nù,” ni ẹ̀gbọ́n wí. “Ìyá tó ga tó yẹn.”

“Màmá àgbà, ẹ fara balẹ̀,” ni ọmọ mi wí.

“Mo ti jókòó. Ṣé kí n dùbúlẹ̀ ni?”

Ọmọ mi wá ń wá orúkọ bàbá rẹ̀ kiri. Ó bá a lábẹ́ ìwé tí akẹ́kọ̀ọ́ kan kọ nípa orin àwọn obìnrin Àkókó. Akẹ́kọ̀ọ́ náà sọ ibi tó ti gbọ́ orin ìyá, àmọ́ kò kọ àdírẹ́sì. Nọ́ńbà gígùn kan ló kọ. Ọmọ mi tẹ̀ ẹ́. Ó ṣí.

Mo ní kí ló dé tí èyí ṣí. Ó ní àdírẹ́sì ń sọ ibi tí nǹkan wà, nọ́ńbà yìí sì jẹ́ ti orin náà fúnra rẹ̀. Bí ilé ìkàwé bá kó o lọ, wọ́n á sọ fún àwọn tó ń tọ́jú nọ́ńbà, àwọn yẹn á sì darí ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ síbi tuntun.

“Bíi ti àdúgbò wa nìyẹn,” ni ẹ̀gbọ́n wí. “Nígbà tí àwọn bàbá wa sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, orúkọ àdúgbò bá wọn wálẹ̀. Ẹni tó bá ń fi àpáta júwe wa, ọ̀bọ ni yóò bá níbẹ̀.”

Ọmọ mi gbé fóònù sí i létí. Ìyá ń kọrin, èèpo ẹ̀gúsí ń dún. Àfi bí ohùn ọkọ mi ṣe já lù ú: “Màmá, ẹ dúró díẹ̀, ewúrẹ́ ń ké.”

Ìyá ní, “Ṣé ewúrẹ́ lo wá gbọ́ àbí èmi?” Ó bá orin rẹ̀ lọ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín títí ó fi sunkún. Èmi ò tiẹ̀ mọ̀ pé ohùn ọkọ mi wà níbẹ̀. Mo ní kí wọ́n tún gbé e sí i.

“Ẹ kọ nọ́ńbà yẹn sábẹ́ àwòrán àbúrò mi lára pósítà ìsìnkú,” ni ẹ̀gbọ́n wí, “kí àwọn ará Epinmi náà lè gbọ́. Ìyàwó, ó tó. Ẹ lọ gbẹ́lẹ̀.”

Ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e la sin ọkọ mi ní Ọ̀kà.