Ohùn Ìyá Àgbà Mi

Ẹ̀gúsí ni ìyá mi ń bó lọ́wọ́ nígbà tí ohùn ọkùnrin kan jáde láti inú asọ̀rọ̀mágbèsì pé, “Ẹ kúùrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ fa àga sún mọ́ mi.” Ọwọ́ ìyá mi dúró. A ń wo ojú ara wa. Ìkíni yẹn, ti ìyá àgbà mi ni. Ohùn wọn la jókòó dè.

Ìyá àgbà mi, ìyá tó bí ìyá mi, ló ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìwó. Ọ̀dọ̀ ìyàwó òyìnbó oníwàásù tí wọ́n bá gbé ní kékeré ni wọ́n ti kọ́ ọ. Láràárọ̀, bí òórùn àkàrà bá ti ń wọlé láti ojúde, a ó máa gbọ́ ìka wọn lórí tábìlì, kọ́ kọ́ kọ́, wọ́n ń fi dánra wò. Nígbà tí ilé iṣẹ́ asọ̀rọ̀mágbèsì bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn, àwọn ọ̀gá ibẹ̀ ní kí wọ́n wá máa tẹ orin àwọn àgbà olórin ilẹ̀ òyìnbó, kí wọ́n sì máa fi Yorùbá ṣàlàyé rẹ̀. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń wọ lọ́rì lọ.

“Ẹ tẹ́tí sí ọwọ́ òsì,” ni wọ́n máa ń wí. “Ìyá lọwọ́ òsì. Ọwọ́ ọ̀tún lọmọ tó ń sáré kiri àgbàlá.” Àwọn aládùúgbò tí kò wọ ṣọ́ọ̀ṣì rí á wá jókòó sí pálọ̀ wa, wọn á máa mi orí.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ọkùnrin náà sọ ọ̀rọ̀ ìyá àti ọmọ yẹn, kò yọ ẹyọ kan kúrò, bí ẹni pé òun ló rò ó. Dùùrù nìkan ló kù fún ìyá àgbà.

Nígbà tí wọ́n dé, tàwọn teruku, wọn ò tíì bọ́ bàtà tí wọ́n fi sọ̀rọ̀. “Ọ̀gá tuntun tó ti ìlú òyìnbó dé sọ pé ohùn obìnrin fúyẹ́ jù fún orin ńlá. Kí n máa tẹ̀ ẹ́, kí akọ̀wé òun máa ka àlàyé tí mo kọ sílẹ̀.”

Ìyá mi kúnlẹ̀. “Ẹ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún wọn, màámi.”

“Iṣẹ́ ta ni kí n fi sílẹ̀?”

Lọ́sẹ̀ kejì, ọkùnrin náà ní, “Ẹ kúùrọ̀lẹ́ o.” Dùùrù bú, ó bò ó mọ́lẹ̀. Ọkùnrin náà dákẹ́, dùùrù dákẹ́. Ó tún la ẹnu, dùùrù tún bú. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Ìgbà náà la gbọ́ ohùn tí a mọ̀: “Èmi ni mo ni ọ̀rọ̀ tó ń kà fún yín. Èmi, ọmọ Ìwó...” Asọ̀rọ̀mágbèsì dákẹ́ lójijì. Ẹ̀rín tán lẹ́nu wa.

Ilé iṣẹ́ náà ò pe ìyá àgbà mi síbẹ̀ mọ́. Àwo orin ni wọ́n fi rọ́pò dùùrù wọn. Ọkùnrin náà ń bá ètò náà lọ fún ọdún púpọ̀, ó sì lókìkí. Pásítọ̀ wa pàápàá yìn ín lórí àga ìwàásù, ó ní Ọlọ́run fún un ní ẹ̀bùn àlàyé. Ìyá àgbà mi sì wà nídìí dùùrù níwájú gbogbo ìjọ! Kò sí àgbà kan ṣoṣo tó dìde sọ pé irọ́ ni, bẹ́ẹ̀ gbogbo wọn ló mọ̀.

Mo ti dàgbà ju bí ìyá àgbà mi ṣe wà nígbà náà lọ. Àwọn ènìyàn máa ń sọ fún mi pé ó ti pẹ́, kí n jẹ́ kó lọ, àwọn tó ṣe é ti kú. Ìyá àgbà mi náà ti kú, kò sì sẹ́ni tó dá ohùn wọn padà. Ohun púpọ̀ ni mo máa ń gbàdúrà lé lórí. N kò tíì gbàdúrà rí pé kí ìbínú yìí kúrò nínú mi.