Èéfín Inú Àtùpà Bàbá Bùnmi

Mo ń fi aṣọ tútù nu iwájú orí Bùnmi, ọmọ mi ọlọ́dún márùn-ún tí ibà mú, nígbà tí Alága ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ rélùwéè kan ilẹ̀kùn yàrá wa ní Agbowó. Ayé ológun ni, láàárín àwọn ọdún 1990. Ìyanṣẹ́lódì ti wọ ọ̀sẹ̀ kejì: àwọn òṣìṣẹ́ ní àfi kí ìjọba gba àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tí wọ́n lé lẹ́nu iṣẹ́ padà.

"Ìyàwó wa, ọkọ̀ ojú irin kan kọjá lóru àná."

Háà! Ẹgbẹ́ ti ní kí oníkálukú gbé àtùpà ọwọ́ rẹ̀ lọ sílé, èyí tó ní gíláàsì pupa àti àwọ̀ ewé tí wọ́n fi ń júwe fún awakọ̀ lálẹ́. Láìsí i, ọkọ̀ ò lè rìn lóru. Ẹnì kan ti dalẹ̀ nìyẹn. Wọ́n wá ń yẹ àtùpà wò láti ilé dé ilé. Òṣìṣẹ́ rélùwéè kì í fi àtùpà sílẹ̀ láìnù ún. Èyí tó bá dúdú, àná ni wọ́n tàn án.

Ọkọ mi, tí òun náà ń ṣiṣẹ́ rélùwéè, rẹ́rìn-ín, ó gbé tirẹ̀ wá. Alága ṣí i. Ó dúdú bí ìdí ìkòkò.

"Bàbá Bùnmi! Ìwọ náà?"

"Èmi ni mo tàn án," mo ní. "Wọ́n mú iná lọ, ara ọmọ ń gbóná. Ṣé kí n máa wọn oògùn nínú òkùnkùn ni?"

Ọkùnrin tó tẹ̀ lé Alága bú sẹ́rìn-ín. "Àtùpà rélùwéè di fìtílà ìyá ọlọ́mọ!"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n. Ẹ wá bá mi nù ún."

Alága ò rẹ́rìn-ín. "Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Níbo lọkọ rẹ wà lálẹ́ àná?"

"Ìpàdé yín ní Mọ́kọ́lá," mo dáhùn. Ohun tó sọ fún mi nìyẹn.

"A ò ṣèpàdé kankan lánàá, ìyàwó wa."

Mo mọ̀ pé àtùpà ò kúrò lọ́dọ̀ mi. Ọkọ mi fúnra rẹ̀ ńkọ́?

Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó jẹ́wọ́. Bódìjà ló lọ, ó lọ dọ̀bálẹ̀ fún ọ̀gá rélùwéè kan kí wọ́n má baà lé òun náà. "Torí yín ni," ó ní. Mo bínú, mo sì sunkún, torí mo ti gbàdúrà kó ṣe bẹ́ẹ̀.

Wọ́n gba àwọn kan padà lẹ́yìn náà, wọn ò gba gbogbo wọn. Ẹni tó júwe fún ọkọ̀ yẹn, a ò mọ̀ ọ́n dòní. Bí wọ́n bá kí mi ní Dùgbẹ̀, ojú ẹni tó ń kí mi ni mò ń wò, bóyá òun ni. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ìbẹ̀rù wa ni wọ́n fi nà wá. Àwọn tí wọn ò gbà padà, a ṣì jẹ wọ́n ní ìjà kan.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí Alága wá yẹ àtùpà wò, Bùnmi bi mí bóyá Dádì ni ọ̀dàlẹ̀.

"Bàbá rẹ ò fi iná han ọkọ̀ kankan," mo ní. "Ẹ̀rù ló bà á. Ó bà mí náà. Tó o bá dàgbà, bi í níbi tó lọ. Mo ti ní kó má parọ́ fún ọ."