Aròkọ Minji Tí Mi Ò Kà Parí

Ọjọ́ tí Minji wá bá mi ní ọ́fíìsì, aròkọ tí mo kọ F gàdàgbà sí lórí ló wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Iṣẹ́ mi ní yunifásítì kan ní Toronto ni láti kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bí òfin ìpìlẹ̀, ìyẹn òfin tó ń ká alágbára lọ́wọ́ kò, ṣe fìdí múlẹ̀ ní àwọn ilẹ̀ Éṣíà. Ìjọba ṣọ́jà ló lé mi kúrò ní Nàìjíríà, mo sì rò pé kò sẹ́ni tó lè kọ́ mi ní nǹkan kan nípa alágbára.

Minji, ọmọ Koria tí wọ́n bí síhìn-ín, kọ ọ́ pé láyé àtijọ́, àwọn ìjòyè kan wà láàfin ọba Koria tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn ni láti bá ọba wí. Akọ̀wé kan tún wà tó máa ń jókòó ti ọba, tó ń kọ ohun tí ọba ń sọ, ọba kò sì gbọdọ̀ wo ohun tó kọ. Inú ọkọ̀ ojú irin tó ń gbé mi lọ sílé ní Ajax ni mo ti máàkì í. Ojú ìwé kejì ni mo dé tí mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé àṣà nìyí, kì í ṣe òfin.

Ó bẹ̀ mí pé kí n tún un kà, torí láìsí máàkì tó dáa níbẹ̀, òun ò ní lè wọ ẹ̀ka òfin. Mo ní mo ti kà á dáadáa. Irọ́ ni mo pa.

Nígbà tí mo délé, mo ń fi ọ̀rọ̀ náà ṣe yẹ̀yẹ́ fún ìyàwó mi bó ṣe ń lọ yúnífọ́ọ̀mù nọ́ọ̀sì rẹ̀. Kò bá mi rẹ́rìn-ín.

"Bàbá Démi, Ọ̀yọ́ Mèsì tẹ́ ẹ máa ń fi yangàn fáwọn òyìnbó ńkọ́? Tí wọ́n bá ní kí Aláàfin ṣígbá wò, àbí kò ní kú ni? Ṣé inú ìwé ni constitution tiwọn wà?"

Ó lé lógún ọdún tí mo ti ń bá òyìnbó fa ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó bá ní àṣà lásán ni Ọ̀yọ́ Mèsì, ìjà dé nìyẹn. Ohun tí mi ò gbà lọ́wọ́ wọn ni mo lọ ṣe fún ọmọ ọlọ́mọ. Ojú tì mí, mi ò lè wo ìyàwó mi.

Mo ka ẹ̀dà tó wà lórí kọ̀ǹpútà mi parí lọ́jọ́ kejì. Ó jinlẹ̀ ju ohun tí èmi fúnra mi ń kọ́ wọn lọ. Síbẹ̀, ìgbéraga ò jẹ́ kí n wá a lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi ń wí pé ó dọ̀la. Ìgbà tí mo tún máàkì náà ṣe tí mo rí i, ó ti kọjá sí ẹ̀ka kọ̀ǹpútà.

"Minji, mi ò kà á parí lọ́jọ́ yẹn. Mo purọ́ fún ọ."

"Mo mọ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n. Bírò yín ò kọjá ojú ìwé kejì."

Kò bínú. Kò sì padà sí kíláàsì mi.

Ó yọ̀ǹda aròkọ náà fún mi, òun ni mo sì fi ń bẹ̀rẹ̀ kíláàsì lọ́dọọdún títí mo fi fẹ̀yìn tì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á béèrè pé níbo ni lọ́yà tó kọ ọ́ wà báyìí. Mo máa ń sọ fún wọn pé kò di lọ́yà, pé èmi ni mo lé e kúrò nídìí òfin.