Iṣẹ́ Abẹ Ará Ilé Mi

Ikùn ológbò náà ti ń wú fún ọjọ́ mẹ́rin kí n tó fura. Ìyàwó mi ló ni ín. Òun ló gbé e wálé láti ìsọ̀ rẹ̀ l'Ọjà'ba, òun ló sì máa ń mọ̀ bí ara rẹ̀ kò bá dá. Èmi, oúnjẹ nìkan ni mo ń bù fún un. Nígbà tí kò jẹ ẹ́ mọ́, mo rò pé ó ń ṣọ̀fọ̀ bíi tèmi ni.

Dókítà ẹranko, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí ohùn rẹ̀ tutù, sọ pé ilé ọmọ ológbò náà ti kún fún ọyún. Mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ sí oyún, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó tún un sọ. Ó ní bí àwọn kò bá là á lónìí, kò ní rí ọ̀la. Pé ó sì ti dàgbà, òun kò lè ṣèlérí. Mo fọwọ́ síwèé. Oṣù kẹsàn-án rèé tí ìyàwó mi ti lọ. Nínú ilé wa, yàtọ̀ sí èmi, ológbò yìí nìkan ni ohun ẹlẹ́mìí tó kù tó mọ̀ ọ́n.

Mo wà lórí bẹ́ǹṣì níta nígbà tí alága ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa pè mí pé àwọn ń retí mi nípàdé. Ojú tì mí láti dárúkọ ológbò. Mo ní wọ́n ń ṣiṣẹ́ abẹ fún ará ilé mi.

N kò ro ohun tí mo sọ títí mo fi padà sílé l'Ọ̀rányàn láti mú aṣọ tí n ó fi wé e. Alága ti ròyìn; obìnrin mẹ́ta ti jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀ mi. Alhaja agboolé kejì, ọ̀rẹ́ ìyàwó mi, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Bàbá Tíṣà, ẹ gbéyàwó, a ò jẹ, a ò mu. Ọjọ́ tí wọ́n ń là á la ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́."

Èkejì ní kó fi mí lọ́rùn sílẹ̀, pé ọkùnrin kì í dá gbé. Kò sí ìbínú nínú ọ̀rọ̀ wọn. Wọ́n tiẹ̀ ti po ògì sínú fúláàsì fún aláìsàn.

"Ológbò ni," ni mo wí.

Wọ́n wo ara wọn. Ẹ̀kẹta fẹ́ rẹ́rìn-ín, Alhaja fọwọ́ kàn án lórúnkún.

"Ológbò ọ̀rẹ́ mi yẹn?"

"Òun ni."

Ó ní kí Ọlọ́run fún un ní àlàáfíà. Wọn kò mọ kíkí tí wọn ì bá kí mi, wọ́n kàn dìde lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n gbé fúláàsì wọn lọ.

Ológbò náà là á já. Dókítà gbé e fún mi nínú aṣọ náà, ahọ́n rẹ̀ ṣì yọ síta, ó ní kí n máa ṣọ́ ọ kó má baà já òwú tí wọ́n fi rán an. Mo gba ẹ̀gbẹ́ Màpó sọ̀ kalẹ̀ lọ sílé, mo gbé e mọ́yà. Fún ọjọ́ méjì, ó kọjú sí ògiri, kò fẹnu kan nǹkan. Mo jókòó tì í. Ẹnikẹ́ni kò yà wò wá.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, ó dìde fúnra rẹ̀, ó jẹ ẹja ṣáwá tí mo rún fún un, ó sì lá àwo. Mo mú fóònù. N kò rí ẹni tí mo lè pè. Mo bá sọ fún ológbò náà pé ó ti jẹun.