Ọmọ Tí Wọ́n Ní Ó Lọ Ra Iyọ̀

N kò mu ọtí lọ́jọ́ náà, ibà kò ṣe mí, oòrùn sì ń ràn yòò. Mo sọ ìyẹn ṣáájú nítorí mo mọ̀ yín. Ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ sọ ni pé àlá ni mo lá. Ẹni tó lá àlá kì í rí àwòrán àlá rẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà. Èmi rí i, ó ṣì wà níbẹ̀ títí di bí mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí.

Iṣẹ́ fọ́tò ni mò ń kọ́ nígbà náà, ní Ìsẹ́yìn níbí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Bí mo bá ya ọkọ àti ìyàwó, orí ọkọ a ti gé dànù. Ìgbà kan wà tí mo dúró síwájú àwọn àgbà mọ́ṣáláṣí kan, tí mò ń ní kí wọ́n sún mọ́ra, tí ìdérí ṣì wà lójú kámẹ́rà. Ọ̀gá mi ní bóyá iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ ni kí n lọ kọ́.

Ọ̀gá yìí lọ síṣẹ́ ní Ṣakí lọ́jọ́ tí mò ń wí, ó wá fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún mi. Ọyẹ́ ń fẹ́, eruku bo gbogbo nǹkan. Mò ń nu dígí lọ́wọ́ nígbà tí Ìyá Ìbejì wọlé, tó fa ọmọbìnrin kékeré kan lọ́wọ́. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Ọkọ rẹ̀ wà lára àwọn tó ń hun aṣọ òkè lẹ́yìn ilé wa.

Ìbejì obìnrin ló bí. Nígbà òjò tó kọjá, Táyé kú. Àmọ́ ẹ mọ̀ bí a ti í sọ ọ́: ìbejì kì í kú lẹ́nu wa, a ní ó lọ ra iyọ̀ ni. Kẹ́hìndé nìkan ló ṣẹ́kù, òun náà ni ìyá rẹ̀ fà wá yìí. Eyín iwájú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ká, àlàfo ńlá wà lókè ẹnu rẹ̀.

"Àǹtí, ẹ bá mi ya àwọn ọmọ mi méjèèjì," Ìyá Ìbejì wí.

Bí wọ́n ti ń ṣe é láyé àtijọ́ ló fẹ́. Wọn a gbé ọmọ tó ṣẹ́kù jókòó sórí àga ọ̀tún, wọn a yà á. Wọn a tún gbé e sórí àga òsì, wọn a tún yà á, wọn a wá lẹ méjèèjì pọ̀. Ẹni tó bá rí i lára ògiri a rò pé ìbejì náà pé.

Mo pe ọ̀gá mi lórí fóònù. Ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Yà á. Kò burú. Ṣùgbọ́n bí ọmọ yẹn bá ti dé orí àga kejì, orúkọ ara rẹ̀ ni kí ẹ máa pè é. Kí ẹnikẹ́ni má pe orúkọ èkejì. Ṣé o gbọ́?"

Mo gbọ́. Mo sì sọ ọ́ fún Ìyá Ìbejì bí ó ti sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Ó mi orí, ó ń tún gèlè rẹ̀ ṣe.

A kọ́kọ́ ya ti Kẹ́hìndé. Àlàfo eyín ń ti ọmọ náà lójú, ó pa ẹnu dé pinpin. Mo ní kí a tún un yà, bóyá ó máa rẹ́rìn-ín, ìyá rẹ̀ ní rárá.

"Tèyí ti dáa bẹ́ẹ̀. Ti Táyé ni kí ẹ fara balẹ̀ yà. Òun ló mọ ẹ̀rín í rín."

Etígbọ̀ọ́ ọmọ ni ó ti sọ ọ́ o. Kẹ́hìndé wolẹ̀. Ó dùn mí, n kò ní purọ́ fún yín. Àwọn aládùúgbò ti sọ ọ́ fún mi rí pé obìnrin yìí a máa ní èyí tí kò wu òun ni Ọlọ́run fi sílẹ̀ fún òun. Mo rò pé ọ̀fọ̀ ló ń fọhùn lẹ́nu rẹ̀.

Ó bọ́ aṣọ lọ́rùn ọmọ, ó wọ aṣọ Táyé fún un, ó sì gbé e lọ sórí àga kejì. Ọmọ fẹ́ sọ̀kalẹ̀.

"Màámi, mi ò fẹ́ ibí yìí."

"Jókòó."

Mo fi ojú mọ́ kámẹ́rà. "Kẹ́hìndé, wò mí," mo ní. Ojú rẹ̀ kò yá. Ni Ìyá Ìbejì bá lóṣòó lẹ́yìn mi, ó ń pè é jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń tan adìẹ wọlé.

"Táyé. Táyé mi. Rẹ́rìn-ín fún Màámi."

Ọmọ inú kámẹ́rà rẹ́rìn-ín. Eyín rẹ̀ pé.

Ẹ gbà mí gbọ́. Mo gbé ojú kúrò, mo wo ọmọ tó wà lórí àga. Àlàfo wà lẹ́nu rẹ̀, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, kò rẹ́rìn-ín rárá. Mo tún fi ojú sínú kámẹ́rà: ẹ̀rín ni, pẹ̀lú eyín tó pé. Ẹ̀rù bà mí débi pé ìka mi ti tẹ bọ́tìnì kámẹ́rà kí n tó mọ̀.

Kẹ́hìndé sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. "Àǹtí, àga yìí ò gba àwa méjèèjì."

Mo sáré na ọwọ́ láti gbé e sọ̀kalẹ̀. Ìyá Ìbejì di ọwọ́ mi mú. Kò jẹ́ kí n lọ.

"Ẹ fi í sílẹ̀," ó sọ sí mi létí. "Ẹ jẹ́ kó jókòó dáadáa."

Ìgbà tó tẹ́ ẹ lọ́rùn ló tó fa ọmọ rẹ̀ lọ. Ọmọ náà kò sunkún mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, lọ́sàn-án, mo rí wọn tí wọ́n ń bọ̀. Ọmọ ń tọ pọ́n-ún pọ́n-ún níwájú, ìyá ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Mo rò pé àwòrán ni wọ́n wá gbà.

"Kẹ́hìndé, ṣé dáadáa lo jí?" mo bi í.

Ọmọ yẹn rẹ́rìn-ín sí mi. Kò sí àlàfo kankan lẹ́nu rẹ̀.

"Táyé nìyí," Ìyá Ìbejì wí.

"Kẹ́hìndé wá ńkọ́?"

"Ó lọ ra iyọ̀." Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ní ọmọ òun lọ lọ ata. Nígbà tí mo dárúkọ àwòrán, ó ní kí n máa mú un, òun kò nílò rẹ̀ mọ́.

Bí wọ́n ti fẹ́ máa lọ, ọmọ náà padà wá, ó fà mí láṣọ kí n bẹ̀rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ tutù létí mi.

"Òun ni ẹ̀gbọ́n, òun ló máa ń rán mi níṣẹ́. Èmi náà ti rán an."

Àwọn aládùúgbò ní ìbànújẹ́ ló da orí obìnrin náà rú tó fi ń pe Kẹ́hìndé ní Táyé, pé eyín ọmọdé tètè ń hù. Eyín wo ló ń hù láàárín àná sí òní? Bàbá wọn kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Àmọ́ bí ọmọ yẹn bá gbé oúnjẹ lọ bá a nídìí òfì, kì í fọwọ́ kàn án.

Ọ̀gá mi dé, ó wo àwòrán náà, ó sì gbé àga kejì lọ sẹ́yìnkùlé, ó là á sí wẹ́wẹ́. Kò sí ẹni tó fi igi rẹ̀ dáná. Ó ní kí n pa àwòrán yẹn rẹ́. N kò lè pa á rẹ́. Ọmọ orí àga ọ̀tún, tó pa ẹnu dé pinpin nígbà tí mo yà á, ti la ẹnu báyìí. Mo rí àlàfo eyín rẹ̀. Ó jọ pé ó ń pe ẹnìkan, n kò sì mọ̀ bóyá èmi ni. Bí mo bá pa á rẹ́, níbo ni yóò gbà lọ?

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ra kámẹ́rà, ẹ fetí sí mi. Bí ìyá kan bá fa ọmọ kan wá, tó ní kí ẹ ya méjì fún òun, ẹ kọ́kọ́ bi í pé èwo ló fẹ́ràn jù nínú wọn. Bó bá dárúkọ ọ̀kan, ẹ ti ṣọ́ọ̀bù yín.