Lọ́rì Tó Ń Gbọ́ Àdúrà

Ilẹ̀kùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà nínú lọ́rì mi kì í ṣeé ṣí láti inú. Bí mo bá fẹ́ jáde, mo ní láti na ọwọ́ gba ojú fèrèsé, kí n fa irin rẹ̀ láti ìta. Mo mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa nígbà tí ara mi bá balẹ̀. Ṣùgbọ́n ní àkókò tí lọ́rì náà bẹ̀rẹ̀ sí í kú mọ́ mi lọ́wọ́ lójú ọ̀nà Ìgèdè sí Adó, irin a máa yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi, màá sì jókòó síbẹ̀ nínú oòrùn bí ẹni tí wọ́n tì mọ́lé.

Olùkọ́ ni mí. Ilé ẹ̀kọ́ ìjọ ni mo lọ, ilé ẹ̀kọ́ ìjọ ni mo ti kọ́ni, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé mo fẹ̀yìn tì pẹ̀lú ara líle. Owó ìfẹ̀yìntì ni mo fi ra lọ́rì náà. Ó ti dàgbà kí n tó rà á. Oríṣi ọ̀dà mẹ́ta ni wọ́n ti kùn ún rí, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń yọjú lábẹ́ èkejì. Nígbà tí mò ń sọ yìí, iṣẹ́ kan ṣoṣo ló kù fún un. Àwọn obìnrin kan ní Ìgèdè tí wọ́n jọ ń yan gaàrí máa ń kó àpò wọn fún mi ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, kí n gbé e wá fún àwọn tó ń rà á lọ́wọ́ wọn ní Fájuyì, nínú Adó. Bí iṣẹ́ yẹn bá bọ́, lọ́rì náà di ibùjókòó ewúrẹ́ nìyẹn, èmi náà á sì padà sídìí rédíò nínú pálọ̀.

Àìsàn tó ń ṣe é kò ní orúkọ. Bí mo bá ń lọ sí Ìgèdè lófìfo, kò sí ohun tó ń ṣe é; a ó máa kọrin lọ ni, èmi àti òun. Bí mo bá kó gaàrí tán tí mo ń padà bọ̀, tí a bá ti kọjá ìlú Ìyìn díẹ̀, ẹ́ńjìnnì á bẹ̀rẹ̀ sí í sín, agbára rẹ̀ á máa fà sẹ́yìn, á sì kú. Nígbà mìíràn, ìdí igi máńgòrò kan lẹ́yìn Ìyìn ni. Nígbà mìíràn, á fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Adó. Ọjọ́ mìíràn sì wà tí a máa dé Fájuyì láìdúró rárá, èyí ló sì ń dá mi lágara jù, nítorí mi ò lè sọ pé ó ti sàn, mi ò sì lè sọ pé kò sàn.

Mẹkáníìkì mi jẹ́ ọmọ Ọ̀yọ́ tó ti ń gbé Adó tipẹ́, ó ní ṣọ́ọ̀bù kan ní àdúgbò Adébáyọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbé lọ́rì náà lọ bá a. Ó tan án, ó jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan gbáko, kò kú.

“Bàbá Tíṣà, ara ọkọ̀ yín le ju tèmi lọ.”

“Ó mọ̀ pé ọ̀dọ̀ rẹ ni òun wà ni.”

“Àbí ẹ̀yin ló kórìíra? Ẹ máa fún un ní ẹyin jẹ nígbà mìíràn.”

Ó rẹ́rìn-ín títí, ṣùgbọ́n ó ṣiṣẹ́ rẹ̀. Ó pààrọ̀ fíltà, ó tú pọ́ńpù, ó fọ gbogbo páìpù tí dísẹ́ẹ̀lì ń gbà kọjá. Nígbà tó rí i pé ìgbà tí ẹrù bá wà lórí rẹ̀ nìkan ló ń kú, ó ní ẹrù ló ń pa á. Mo dín àpò kù. Àwọn obìnrin kùn. Lọ́rì náà tún kú.

Ó yẹ kí n sọ ohun tí mo máa ń ṣe bó bá ti kú. Màá jáde bí ilẹ̀kùn bá gbà fún mi. Màá ti igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ inú táǹkì láti wo iye dísẹ́ẹ̀lì tó kù, nítorí gééjì rẹ̀ ti kú kí n tó rà á. Lẹ́yìn náà, màá gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, màá gbàdúrà. Màá padà wọlé, màá tan án. Ó máa tan. Kò kọ̀ rí.

Mo jẹ́rìí rẹ̀ nínú ìpàdé àdúrà Ọjọ́rú. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ wa pé ẹni tó bá ń jẹ́rìí kò gbọ́dọ̀ fi àlàyé dá àwọn ènìyàn lágara. Kó yára dé ibi tí Ọlọ́run ti ṣe é. Nítorí náà, mo ní: ó kú, mo gbàdúrà, ó tan. Gbogbo ilé hó. Wọ́n dá orin, àwọn ìyá sì ń fì áńkáṣíìfù. Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń pè mí ní Bàbá Lọ́rì Àdúrà. Bí mo bá ń rìn lọ ní Adébáyọ̀, ẹnìkan á pariwo láti ẹnu ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pé, “Bàbá, Ọlọ́run lọ́rì yín ò sùn o!” Màá ní, “Kì í sùn o!” màá sì yára kọjá. Nítorí Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, ó tún kú, àti èyí tó tẹ̀ lé ìyẹn. Ta ni màá sọ fún? Ẹni tó ti jẹ́rìí ìwòsàn níwájú ìjọ kò lè máa kiri pé ara òun kò yá. Mo wà nínú lọ́rì, mo sì wà nínú ẹ̀rí, kò sí èyí tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń ṣí láti inú.

Àwọn ọlọ́kadà ojú ọ̀nà náà ti mọ̀ mí. Bí wọ́n bá rí mi ní ìdí máńgòrò, wọ́n á ní, “Bàbá, ẹ tún ti délé!” Èmi kò lè fi àpò gaàrí sílẹ̀ lọ wá ìrànlọ́wọ́, lọ́rì kò sì lè gbé mi lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka kọ́nà ojú ọ̀nà náà lójú oorun.

Olórí àwọn obìnrin náà jẹ́ ẹgbẹ́ mi ní ọjọ́ orí. Mo kọ́ àbíkẹ́yìn rẹ̀ ní ìwé. Òun ló máa ń jókòó tì mí nínú lọ́rì láti bá àwọn oníbàárà wọn dúnàádúrà. Ní Ọjọ́bọ̀ kan tí a dé Fájuyì tí kò sí ẹnìkankan níbẹ̀ mọ́, ó wo ibi tí ó ṣófo náà, kò bínú, ìyẹn ló dùn mí.

“Tíṣà, àwọn èèyàn yìí kì í dúró kọjá aago mẹ́wàá. Ẹ̀ẹ̀kejì rèé tí a ó máa gbé gaàrí padà sílé.”

“Ẹ má bínú, Ìyá.”

“Mi ò bínú. Ṣùgbọ́n àwọn tí mò ń ṣolórí wọn, wọ́n lọ́mọ. Tí a kò bá bá wọn ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, ẹlòmíràn la ó kó ẹrù fún.”

Mo lọ bá mẹkáníìkì, mo sọ ọ́ fún un bó ṣe rí. Kò ṣeré. Ó ní, “Màá bá yín lọ. Ó ti ń sá fún mi ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ jẹ́ kí n lọ bá a nílé rẹ̀.”

Àwa mẹ́ta la jókòó níwájú ní Ọjọ́bọ̀ náà nígbà tí a kó gaàrí tán, mẹkáníìkì wà láàárín, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n rẹ̀. Ó ń bá ìyá náà ṣàwàdà.

“Ẹ̀yin ará Èkìtì tí ẹ ń pe ilé ní ulé, ṣé ọkọ̀ yín máa gbọ́ Yorùbá tèmi?”

“Jẹ́ kó kọ́kọ́ gbé ọ dé ulé ná,” ni ìyá dá a lóhùn.

Èmi kò rẹ́rìn-ín. A kọjá Ìyìn. Mo ń gbọ́ gbogbo ohùn tó wà nínú ẹ́ńjìnnì náà. Nígbà tí mo rí igi máńgòrò lókèèrè, ó sín lẹ́ẹ̀kan. Ó sín lẹ́ẹ̀kejì. Ó kú.

Ọlọ́kadà kan kọjá, ó ní, “Bàbá, ẹ tún gbé àlejò wálé lónìí!” Mo na ọwọ́ gba ojú fèrèsé, irin yọ̀. Mo tún nà án, ó tún yọ̀. Òógùn ń bọ́ sí mi lójú.

“Bàbá Tíṣà,” ni mẹkáníìkì sọ jẹ́ẹ́jẹ́, “ẹ ṣe sùúrù. Gbogbo ohun tí ẹ máa ń ṣe bó bá kú, ẹ ṣe é lójú mi. Ẹ má fo ọ̀kankan. Mi ò ní fọwọ́ kan nǹkan.”

Mo nà án lẹ́ẹ̀kẹta, irin gbà, mo jáde. Mo mú igi mi, mo lọ sídìí táǹkì. Mo tú rọ́bà tó wà lẹ́nu rẹ̀, mo ṣí ìdérí, mo sì ká ọ̀rá abẹ́ rẹ̀ kúrò. Táǹkì mí: fíìì.

“Ẹ dúró!” ni mẹkáníìkì wí. “Kí nìyẹn?”

“Kí ni?”

“Ohun tó mí yẹn.”

“Ó máa ń mí bẹ́ẹ̀.”

“Ó máa ń mí bẹ́ẹ̀? Ọ̀rá wo rèé?”

Mo ṣàlàyé fún un. Ìdérí táǹkì náà ti sọnù, èyí tí mo rà dípò rẹ̀ kò ba ẹnu rẹ̀ mu. Bí a bá ń gun òkè, dísẹ́ẹ̀lì a máa ta jáde sí ara àpò gaàrí. Àwọn tó ń rà á ní ó ń rùn. Nítorí náà ni mo ṣe ṣẹ́ ọ̀rá nípọn po, tí mo fi bo ẹnu táǹkì, tí mo dé ìdérí lé e, tí mo sì fi rọ́bà tí mo gé lára tíúbù dè é pinpin. Bí kò bá sí gaàrí lórí ọkọ̀, èmi kì í de ọ̀rá.

Ó jókòó sórí koríko. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú.

“Bàbá, ẹ ti fún ọkọ̀ lọ́rùn! Bí dísẹ́ẹ̀lì bá ń jáde nínú táǹkì, atẹ́gùn ló gbọ́dọ̀ wọlé dípò rẹ̀. Ẹ gbé ike omi sẹ́nu, kí ẹ máa fa omi inú rẹ̀ láìjẹ́ kí atẹ́gùn wọlé. Ṣé ike náà kò ní rún? Ṣé omi kò ní dúró? Ọjọ́ tí ẹ bá dè é dáadáa ló ń kú. Ọjọ́ tí ẹ bá kánjú dè é, ẹ ń délé. Mo bi yín, ẹ̀ẹ̀mẹta, pé kí lẹ ṣe kó tó tan!”

“Mo ní mo gbàdúrà.”

“Ẹ kò ní ẹ ṣí táǹkì.”

“Mo rò pé ìyẹn kò já mọ́ nǹkan.”

Bí mo ṣe sọ ọ́ ni mo gbọ́ ohùn ara mi nínú ìpàdé Ọjọ́rú: ó kú, mo gbàdúrà, ó tan. Bí mo ṣe sọ ọ́ fún ìjọ ni mo ṣe sọ ọ́ fún mẹkáníìkì. Mo ti fo ibi tí ìwòsàn wà.

Ìyá ti sọ̀ kalẹ̀. “Aago mẹ́sàn-án ti kọjá o! Kí lẹ ń ṣe níbẹ̀?” Nígbà tó gbọ́, ó ní, “Èmi ni mo pariwo pé gaàrí ń rùn.”

“Ẹ kò ní kí n dè é pa,” ni mo sọ.

“Ká yọ ọ̀rá náà dànù,” ni mẹkáníìkì wí.

“Kí dísẹ́ẹ̀lì tún máa ta sí gaàrí mi?” Ìyá tú etí gèlè rẹ̀, ó fa abẹ́rẹ́ gígùn tí wọ́n fi ń rán ẹnu àpò yọ. “Gbà. Dá ihò sí i. Ihò kékeré.”

Mẹkáníìkì dá ihò sí ọ̀rá náà, ọ̀kan, méjì, mẹ́ta. Ó dá a padà sí ẹnu táǹkì. Ọwọ́ mi ti wà lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì kí n tó mọ̀; ojú tì mí, mo fẹ́ gbé e kúrò.

“Ẹ gba àdúrà yín, Bàbá,” ni mẹkáníìkì wí. “Àmọ́ kó yá.”

“Àmín,” ni ìyá wí, kí n tó la ẹnu.

Lọ́rì náà gun gbogbo òkè tó kù láìsín. Nígbà tí a dé Fájuyì, ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà ti wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó ti ń yí kọ́kọ́rọ́. Ìyá fò sílẹ̀ kí n tó dúró tán, ó na abẹ́rẹ́ rẹ̀ sókè, ó ń pariwo orúkọ obìnrin náà. Obìnrin náà sọ̀ kalẹ̀. Gbogbo àpò tà. Kí ìyá tó lọ, ó yíjú sí mi, ó ní, “Aago méje, Tíṣà. Ọjọ́bọ̀.” Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, mo dìde nígbà tí wọ́n pe àwọn tó ní ẹ̀rí. Wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín sí mi, wọ́n ti ń fa áńkáṣíìfù yọ. Mo ka ọ̀rá, mo ka rọ́bà, mo ka igi, ohùn tí táǹkì ń ṣe, gbogbo rẹ̀, ó sì gùn. Áńkáṣíìfù padà sínú báàgì. Alàgbà kan dìde, ó bi mí pé, “Ṣé ẹ̀yin ń sọ pé kì í ṣe Ọlọ́run ni?” Mo ní èmi ni mo dí i, èmi kan náà ni mo sì ń ṣí i láìmọ̀, ní gbogbo ìgbà, ní ojú ọ̀nà tí kò sí ẹni tó lè gbà mí. Mo ní mo ń dúpẹ́ fún ìyẹn. Ó jókòó. Orin tí wọ́n dá kò ròkè bíi ti ìṣáájú, ṣùgbọ́n wọ́n dá a.

Lọ́rì náà kò kú mọ́ lójú ọ̀nà yẹn. Mo ṣì ń kó gaàrí ní Ọjọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti rí igi máńgòrò yẹn lókèèrè, ẹsẹ̀ mi a kúrò lórí tọ́rótù fúnra rẹ̀, ọwọ́ òsì mi a sì máa wá irin ilẹ̀kùn. Ìyá a gbá mi léjìká. “Tíṣà, wa ọkọ̀.” Màá sì máa wà á lọ.