Ìdérí Irin Abẹ́ Pátákò

Ẹsẹ̀ ẹṣin náà ló yẹ kí n wọ̀n. Bàtà irin rẹ̀ àtijọ́ tí wọ́n fi kọ́ ara ògiri ni mo wọ̀n. Ẹ̀rù ló bà mí kí ó má lọ tàpá sí mi, n kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Wẹ́dà ni mí ní Ṣakí. Ilẹ̀kùn àti fèrèsé ni mo mọ̀ ọ́n ṣe. Bàbá kan ní àdúgbò wa ló ń sin abo ẹṣin kan tí kì í bẹ̀rù ariwo. Ẹni tó bá fẹ́ joyè, ẹṣin yìí ló máa ń wá gùn. Nítorí òkúta ojú ọ̀nà ni Bàbá fi wọ̀ ọ́ ní bàtà irin. Ìṣó wá gún un ní àtẹ́lẹsẹ̀, ó kẹ̀. Dókítà ẹran fọ egbò náà, ó ní kí wọ́n máa fi oògùn àti òwú dí i, kí wọ́n sì wá irin tí yóò bò ó lábẹ́ bàtà náà, èyí tí wọ́n á lè máa tú láràárọ̀. Àwọn ọmọ Bàbá ní tiwọn ti pinnu: bí ẹṣin kò bá fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ kí oníṣòwò ẹṣin tó ń bọ̀ láti ọ̀nà Ijio tó dé, títà ni.

“Wẹ́dà, ṣé o lè ṣe é?”

“Bàbá, kí ló wà nínú irin tí n kò lè ṣe?”

“Ẹnu ẹ! Ilẹ̀kùn tí o ṣe fún wa, èjìká la fi ń ṣí i.”

Mo gé irin pẹlẹbẹ, mo lu ihò bóòtù tí a ó fi dè é mọ́ bàtà sí i. Bàbá gbé ẹsẹ̀ ẹṣin, ó ki oògùn àti òwú sí i. Èmi dúró lọ́ọ̀ọ́kán, mo na ọwọ́ fi súpánà dè é. Ó bá bàtà mu bí ọmọrí ìkòkò. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ẹṣin kò fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ rárá.

Bàbá wo ọwọ́ ara rẹ̀. “Ọwọ́ yìí ti gbó. Mo ki òwú náà pọ̀ jù.”

Mo kó súpánà mi, mo lọ sílé.

Àmọ́ ọkàn mi kò gbà. Kí ló tilẹ̀ wà lábẹ́ ẹsẹ̀ yẹn? Mo padà lọ, mo ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gbé e.”

“Ṣé ẹ̀rù kò bà ọ́ mọ́? Ẹsẹ̀ iwájú ni, kò ní pa ọ́. Fi èjìká ti èjìká rẹ̀, kí o fọwọ́ ra ẹsẹ̀ náà wálẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ á gbé e fún ọ.”

Ó sì gbé e fún mi lóòótọ́! Mo tú irin náà. Èmi tí mo rò pé ìwo lásán ni pátákò! Etí rẹ̀ le bí ìwo màlúù, ṣùgbọ́n láàárín rẹ̀, nǹkan onígun mẹ́ta kan wà tó rọ̀ bíi rọ́bà, tó yọ wá síta, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ojú bàtà. Irin mi tó tẹ́ pẹrẹsẹ ti tẹ òwú mọ́ egbò.

“Bàbá, ṣé èyí máa ń dùn ún? Ṣé ó ń hù bí èékánná?”

“Ṣé ọlọ́pàá ni ọ́ ni?” Ó rẹ́rìn-ín.

Mo fi páálí wọn ẹsẹ̀ náà gan-an. Mo gé ìdí sìlíńdà gáàsì kan tó ti lu tipẹ́, níbi tó ti tẹ̀ kọdọrọ, mo lù ú títí ikùn rẹ̀ fi yọ síta bíi ti ìgbákọ. Nígbà tí a dè é, ẹṣin kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ náà tọ́ ilẹ̀ wò, bí ẹni tí kò gbàgbọ́. Kó tó di pé oníṣòwò dé, ó ti ń fi í tẹlẹ̀. Ọkùnrin náà mu omi, ó kọjá lọ.

Gbogbo ẹni tó bá wá ni Bàbá ń fi irin náà hàn. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kò fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ẹṣin mọ́. Èmi ni mò ń lọ ki òwú láràárọ̀. Òun á jókòó sórí ìtì igi, á di okùn mú, á máa wo ọwọ́ mi. “Tìrẹ ṣì ń gbọ́ràn,” ni ó máa ń wí.

Irin àkọ́kọ́ ṣì wà lábẹ́ tábìlì mi. Mo jẹ Bàbá ní gbólóhùn kan tí n kò tíì sọ: ọwọ́ rẹ̀ kò ṣẹ̀.